Èènì fún Ọmọ Inú Àpótí Kẹrin

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń rìn bọ̀ lójú títì bí ẹni tó ru omi kún dẹ́ńdẹ́, tí kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀, àbúrò mi nìyẹn. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń rìn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀, iṣẹ́ ló kọ́ ẹsẹ̀ òun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń po oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ẹnu wà fún jíjẹun.

Ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n máa ń dé kí oṣù wọn tó pé. Òmíràn á fi odindi oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ìfun wọn kò tíì mọ iṣẹ́ ìfun, ọ̀fun wọn kò tíì lè gbé wàrà mì. Ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe fún wọn ni pé wọ́n á po gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ jẹ lóòjọ́ mọ́ omi, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò kékeré kan tó mọ́ gaara, wọ́n á sì jẹ́ kó máa kán gba ojú iṣan wọlé, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, láti òní di ọ̀la. Ọmọ á máa sùn, oúnjẹ á máa wọlé bí àlá. Àbúrò mi ló ń po àlá yẹn.

Èmi tí mò ń kọ èyí, òṣùwọ̀n ni mò ń tún ṣe. N kò jókòó níwájú ọ̀gá kankan rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo tú òṣùwọ̀n ìyá wa palẹ̀ tí mo sì tò ó padà kí ìyá wa tó jí lójú oorun ọ̀sán, láti ọjọ́ náà ni òṣùwọ̀n kò ti ní àṣírí kankan fún mi mọ́. Mo tún ọ̀kan ṣe rí tó péye débi pé nígbà tí òjìji ẹyẹ kan kọjá lórí àwo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mì. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti kú, ì bá ṣe pé wọ́n wà láyé ni, ẹ̀ bá bi wọ́n. Òṣùwọ̀n tó wà nínú yàrá àbúrò mi, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n fi lè sọ ìtàn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òróró ni ìyá wa ń tà, láti inú àgbá ńlá sínú igò àwọn oníbàárà. Èmi ni mo máa ń dúró ti òṣùwọ̀n, àbúrò mi ló máa ń di ife onírin mú. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, á gba inú òróró kọjá bó ṣe ń ṣàn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a ó wá dà bí ẹni tó ń gbé inú oyin. Àbúrò mi á bu òróró, òṣùwọ̀n á dúró jẹ́ẹ́, èmi á ní, "Ó pé." Òun á tún tẹ ife síwájú díẹ̀.

"Ó ti pé, mo ní!"

"Igò yẹn ṣì ń wò mí, bọ̀dá mi."

"Igò lójú?"

"Ó ní òun ò tíì yó."

Ìyá wa á pòṣé láti ẹ̀yìn káńtà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé títí a ó fi fọ àgbá gbẹ lo máa fi fún gbogbo ayé ní èènì?"

Àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bu òróró fún wọn mọ́. Eléèènì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Eléèènì dà? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ alójú-òṣùwọ̀n yìí la fẹ́." Mo máa ń ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Nígbà tí ìyá wa di olóògbé tí ṣọ́ọ̀bù sì kásẹ̀ nílẹ̀, àbúrò mi lọ ń fọ igò nílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Apoògùn ti rí i. Obìnrin kúkúrú kan ni Ọ̀gá Apoògùn, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, fìríìjì gan-an á dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó rí àbúrò mi tó ń da ọṣẹ olómi láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú igò méjìlá, láìwo ìlà ara igò. Nígbà tó ṣe tán, igò méjèèjìlá dọ́gba bí ẹni fi rúlà gé e. Ọ̀gá Apoògùn wo igò, ó wo ọwọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Igò ni, mà. Wọ́n máa ń sọ ibi tí wọ́n bá fẹ́."

Ó yẹ kó sọ pé èmi ni, nítorí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n mi ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò bínú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú un wọ yàrá funfun.

Mo máa ń wọ yàrá náà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, láti yẹ òṣùwọ̀n wò, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó ní igun. Ògiri yí bọ́rọ́ wọ ilẹ̀, ilẹ̀ yí bọ́rọ́ wọ ògiri, kí eruku má baà rí ibi jókòó. Ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ láti ara ògiri kan ṣoṣo, ó ń kùn hùn-ùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ẹ ó wẹ ọwọ́ dé ìgúnpá, ẹ ó wọ ẹ̀wù, ẹ ó fi ìbòmú bo ẹnu, ẹ ó wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́. Ojú nìkan ló máa kù. Bí ẹ bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀ ń jí tàbí ẹ̀ ń sùn, nítorí kò sí òjìji níbẹ̀ rárá. Lára ògiri tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrèsé kékeré kan wà tó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Ibẹ̀ ni ìwé dókítà ń gbà wọlé kó tó di ọ̀sán, ibẹ̀ náà ni àpò omi ń gbà jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi í pé kí ni ó ń pò gan-an. Àgbàlá ilé wa la wà, ọjọ́ Àìkú, ó ń gé èékánná rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ilé ni ọmọ, bọ̀dá mi," ó ní. "Wọn ò tíì kọ́ ọ tán tó fi jáde. Àwa la máa bá wọn kó èyí tó kù wá."

"Kí lẹ̀ ń kó wá?"

"Bíríkì. Àwọn dókítà ń pè é ní àmínò ásíìdì. Òun ni ara fi ń mọ ẹran ara, tó fi ń mọ ọpọlọ, tó fi ń mọ gbogbo ẹ̀. Oríṣi rẹ̀ tó ogún nínú igò kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tiẹ̀. Igò ti àgbàlagbà wà lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọ yìí wà lọ́tọ̀. Bíríkì kan wà tí ẹ̀dọ̀ tiyín lè fúnra rẹ̀ ṣe, ẹ̀dọ̀ tiwọn ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, a ní láti fi fún wọn. Òmíràn wà tí ẹ̀yin lè jẹ kó pọ̀, kò ní ṣe yín ní nǹkan. Tiwọn ò ní mọ ibi tó máa kó o sí."

"Bíríkì nìkan lẹ̀ ń fún wọn?"

"Bíríkì láìsí bíríkìlà ńkọ́? Ṣúgà àti òróró funfun tí à ń pò mọ́ ọn ni bíríkìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí bíríkì bá pọ̀ ju agbára àwọn tó ń kọ́lé lọ, ńṣe ló máa wó dí ẹnu ọ̀nà."

"Kí ló wá máa ṣẹlẹ̀?"

Ó fẹ́ èékánná kúrò lórí aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ á kan. Ọmọ á máa sùn, kò ní fẹ́ jí."

Mo ní mo ti mọ gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá Apoògùn fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó wọ yàrá yẹn: ẹni tó ń pò kò gbọ́dọ̀ lọ wo àwọn ọmọ náà. Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ibi tí wọ́n tẹ́ wọn sí, àpótí gíláàsì mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń móoru bí àtẹ́lẹwọ́. Fún ọdún mẹ́jọ, àbúrò mi kò débẹ̀ rí. Nọ́ńbà ló fi mọ̀ wọ́n. Àpótí kìíní, kílò kan ààbọ̀. Àpótí keje, kílò kan ó lé díẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá kúrò lórí ìwé, kì í béèrè bóyá ilé lọmọ náà lọ.

Ní ọdún kẹsàn-án ni télọ̀ kan wá kan fèrèsé yẹn.

Ọ̀sán ni. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú àwọn igò sílẹ̀. Ó gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn inú díẹ̀, ó sì rí obìnrin kan lódìkejì gíláàsì, téèpù ìwọ̀nṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó ń wọn aṣọ fún oníbàárà ni ìrọbí ti mú un, láti ọjọ́ náà kò tíì rántí bọ́ téèpù yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ibí ni ilé ìdáná?"

"Kì í ṣe ilé ìdáná, ìyá ọmọ. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹni tó ń se oúnjẹ àwọn ọmọ inú gíláàsì."

"Èmi ni."

Télọ̀ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí fèrèsé mú. "Ẹ̀yin náà nìyẹn! Èmi ni mo ni ti inú àpótí kẹrin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gíráàmù ló jẹ́, mà. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìta gíláàsì. Apá rẹ̀ ò tó ìka mi yìí nínípọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, bí ẹ bá ń bù ú, ẹ bá mi fi èènì díẹ̀ sí i."

"A kì í fi èènì sí i, ìyá ọmọ."

"Díẹ̀ báyìí. Èmi náà, bí mo bá ń gé aṣọ ọmọdé, mo máa ń ká ìka méjì mọ́ inú, kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá dàgbà. Kò hàn síta. Kò pa ẹnikẹ́ni lára."

Àbúrò mi rọra ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó ti rí ojú obìnrin náà, ó sì ti gbọ́ nípa apá tí kò tó ìka. Nọ́ńbà kẹrin ti ní ara.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun lálàá lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá wa, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí oyin, igò kan ṣoṣo ló wà lórí káńtà. Igò náà kéré bí orí ìka. Ó la ojú, ó ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ìyá wa wà lẹ́yìn káńtà, òun náà kò sọ̀rọ̀. Ife wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fa bíríkì sínú síríńjì fún àpótí kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ìlà tí dókítà kọ. Ó wá kọjá á. Ẹ̀kán díẹ̀ ni. Ó ní kò dà bí ẹni tó ń rú òfin rárá. Ó dà bí ẹni tó ń mí.

Ẹ tún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wá gba àpò pé, "Ti inú àpótí kẹrin ńkọ́?" Ohun tí kì í béèrè tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Kò tíì sanra, màmá. Ó kàn ń sùn ṣáá." Nígbà tí àbúrò mi gbọ́ pé kò tíì sanra, ó fi kún un. Ọmọ tún sùn sí i, òun náà tún fi kún un. Ní ọjọ́ keje, ìwé dókítà dé, dókítà ti dín bíríkì ọmọ náà kù. Àbúrò mi di ìwé náà mú títí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní, ebi ni dókítà yìí fẹ́ fi pa á. Ó fi gbogbo èyí tí dókítà yọ dá a padà, ó sì tún lé e.

Òun tó mọ̀ pé bíríkì á wó dí ẹnu ọ̀nà! Òun tó kọ́ mi! Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ orí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ọ̀gá Apoògùn ránṣẹ́ pè mí.

"Baba Òṣùwọ̀n," ó ní, "òṣùwọ̀n yín ti ń sọ ìsọkúsọ."

Mo ní, "Òṣùwọ̀n tèmi? Ẹ tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa."

"Ó ń fi kún un. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, ó kàn ń wá, ó ń lọ."

"Ọ̀gá, bí oòrùn bá yọ láti ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ yín lọ́la, ẹ bi mí. Òṣùwọ̀n yẹn kì í ṣìnà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé kí n wá ní ọwọ́ àbúrò yín ló ṣìnà?"

Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe jìnnà sí ọkàn wa tó.

Mo gbé àwọn irin ìwọ̀n mi jáde nínú àpò awọ wọn, mo wọ ẹ̀wù, mo wọlé. Àbúrò mi wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbójú sókè. Mo gbé irin gíráàmù kan lé e: gíráàmù kan. Mo gbé mẹ́wàá lé e: mẹ́wàá. Mo gbé ọgọ́rùn-ún, mo fi ogún tì í: ọgọ́fà, kò yẹ̀ lọ́tùn-ún, kò yẹ̀ lósì. N kì í purọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tó ń mí.

Mo wá ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n àpò sí. Bí wọ́n bá ti po àpò kan tán, wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ohun tó yẹ kó jẹ́ àti ohun tó jẹ́. Àbúrò mi kì í parọ́ sínú ìwé. Mo fi ìka tọ ìlà náà sọ̀kalẹ̀. Àpótí kìíní, ó péye. Àpótí kejì, ó péye. Àpótí kẹrin, ọgọ́fà ló yẹ, ìdajì gíráàmù ló fi kọjá. Ọjọ́ kejì, gíráàmù kan. Mo ṣí ojú ìwé. Gíráàmù méjì. Mẹ́ta. Gíráàmù mẹ́fà ni wọ́n fàyè gbà, kò tíì débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó débẹ̀, ó sì kọjá á. Ọjọ́ kẹjọ, gíráàmù mẹ́jọ. Àpótí kẹrin nìkan. Kò sí òṣùwọ̀n kan láyé tó mọ nọ́ńbà àpótí.

Mo gbójú sókè. Àbúrò mi ń wò mí. Ojú nìkan ló hàn lórí ìbòmú náà, ojú ọmọ tó di ife onírin mú.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí dókítà àwọn ọmọ náà dé ẹnu fèrèsé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bàtà rẹ̀ kì í dún, bí ẹ bá rí i ẹ ó rò pé ó ń bẹ̀rù kó má jí ilé. Ọ̀gá Apoògùn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

"Ẹ̀jẹ̀ àpótí kẹrin ti kan," dókítà ní. "Mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù níjẹta, mo tún dín in kù lánàá, ńṣe ló ń kan sí i. Láàárọ̀ yìí nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ ta á ní gìgísẹ̀, kò sunkún. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, á jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ni nǹkan ń ṣe. Ọ̀la ni a máa la inú rẹ̀ wò."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gíráàmù?" Ọ̀gá Apoògùn ní.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. N kò fẹ́ ẹ. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe."

Ọ̀gá Apoògùn wá kọjú sí fèrèsé. "Baba Òṣùwọ̀n, ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ó ti bàjẹ́?"

Mo ti sọ fún yín irú òṣùwọ̀n tí mò ń tún ṣe. Mo ti bá ènìyàn jà nítorí òṣùwọ̀n. Oníbàárà kan pe òṣùwọ̀n mi ní òpùrọ́ rí, n kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún méje. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, níwájú ojú àbúrò mi, mo la ẹnu, mo sì gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé, "Ó dà bíi pé sípíríǹgì inú rẹ̀ ti..."

"Bọ̀dá mi."

Àbúrò mi ti ṣí ilẹ̀kùn inú fèrèsé. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ti òkè, lẹ́yìn náà ti abẹ́. N kò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ lásán nínú yàrá yẹn rí. Ó fa ìbòmú sísàlẹ̀.

"Òṣùwọ̀n ò ní nǹkan kan, ọ̀gá mi. Ọwọ́ mi ni. Dókítà, ẹ má la inú ẹ̀. Èmi ni mò ń fi kún un."

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń kùn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń léfòó níbẹ̀, kò fẹ́ balẹ̀.

Mo rò pé dókítà á pariwo. Kò pariwo. Ó fi orí kan fèrèsé, ó ní, "Kí lẹ fi kún un? Gbogbo ẹ̀ ni?"

"Bíríkì nìkan. Mi ò fọwọ́ kan ṣúgà, mi ò fọwọ́ kan òróró."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Ó kà á fún un láti orí, ọjọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, ọjọ́ mẹ́jọ, láìwo ìwé. Dókítà ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó dé ọjọ́ kẹjọ, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì sáré lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró bàtà rẹ̀.

Wọ́n bọ́ àpò náà kúrò lára ọmọ lójú ẹsẹ̀. Omi ṣúgà lásán ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sí bíríkì kankan, kí àwọn tó ń kọ́lé lè ráàyè palẹ̀ èyí tó ti wó dí ẹnu ọ̀nà mọ́. Bóyá wọ́n máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tàbí wọn ò ní lè ṣe é, kò sí ẹni tó mọ̀.

Àbúrò mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni lé òun jáde. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó jáde lọ bá télọ̀ náà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sọ fún un látòkè délẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé obìnrin náà á gbá a létí, mo sì ti múra tán láti là wọ́n. Ńṣe ló ń ká téèpù mọ́ ìka rẹ̀, ó ń tú u, ó ń ká a.

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi sí i," ó ní nígbà tó yá.

"Ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì fi sí i."

"Ṣé ó máa jí?"

"Mi ò mọ̀, ìyá ọmọ."

Wọ́n jókòó síbẹ̀. Oòrùn gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ wọlẹ̀. Nígbà tí mo padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n ẹ ó rò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Mo jókòó tì wọ́n. Oorun gbé mi. Mo rí òṣùwọ̀n kan lójú oorun tó tóbi tó ọjà, àpò omi wà lórí àwo kan, kò sí nǹkan kan lórí èkejì, síbẹ̀ àwo tó ṣófo yẹn ló ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan tí a kò rí ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan ló jí mi, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn tí kò lóróró.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ìyá àpótí kẹrin! Ẹ gbọ́? Mo ta á lẹ́sẹ̀ ni o. Inú ń bí i!"

Télọ̀ náà dìde. Àbúrò mi kò dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Ohun tí mo lè ṣe ni pé mo mú ọwọ́ rẹ̀ kan, mo sì dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà ní bíríkì, díẹ̀díẹ̀, lójú ìlà. Wọ́n mú àbúrò mi kúrò nínú yàrá funfun fún oṣù mẹ́fà, ó padà sídìí igò fífọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀gá Apoògùn: kí ẹni tó bá po àpò má ṣe jẹ́ ẹni tó máa wọ̀n ọ́n mọ́, kí ẹlòmíràn gbé e lé òṣùwọ̀n, kó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè ketekete kí àpò tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tó padà wọlé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ka nọ́ńbà àpò tó kọ́kọ́ pò sókè. Ó péye.

Ṣùgbọ́n kó tó padà wọlé, ọmọ náà ti lọ sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa jáde, télọ̀ wá bá àbúrò mi nídìí igò, aṣọ ọmọ tó fúnra rẹ̀ rán wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà, ẹ wá wò ó. Ẹ ò sí nínú yàrá yẹn mọ́, òfin wọn ò dè yín."

Àbúrò mi wẹ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí òṣùwọ̀n ọmọ tí wọ́n ń lò ní wọ́ọ̀dù náà, ọwọ́ mi ló wà. Ó kọjá ilẹ̀kùn kìíní, ó kọjá ilẹ̀kùn kejì, ó ń rìn bí ẹni ru omi. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn àpótí gíláàsì náà tò lọ, ìmọ́lẹ̀ kékeré ń ṣẹ́jú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró níwájú wọn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó ti pẹ́ nínú àpótí. Télọ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó jẹ́ ọmọbìnrin. Kò sí ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi rí. Ọmọ náà la ojú, ó ń wò ó, kò ṣẹ́jú.

"Ó ń wò mí, bọ̀dá mi," àbúrò mi ní.

"Mo rí i."

"Ẹ wò ó dáadáa. Kílò mélòó?"

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ojú mi kì í ṣìnà. Mo wọn ẹṣin rí láti òdìkejì odò. Mo sún mọ́ wọn, mo fi ojú kan wò ó, mo ní, "Kílò méjì ó lé ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Kò lé, kò dín."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, ó sì kà á sókè ketekete: "Kílò méjì, ó lé ọgọ́ta."

Àbúrò mi wò mí. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di télọ̀ mú. "Bọ̀dá mi," ó ní, "ẹ ti fi èènì sí i!"

Mo fẹ́ sọ pé bóyá òṣùwọ̀n náà ló nílò àyẹ̀wò. Mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo gbé irin ìwọ̀n mi jáde, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó péye.